Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó

Ogún ìṣẹ́jú ni mọ́tò fi ń rìn ín.
Bó bá jẹ́ Bàbá Ajíbóyè ló ń wà á, ọgbọ̀n,
torí ó gbọ́dọ̀ dúró ra omi,
ó gbọ́dọ̀ kí gbogbo ẹni tó mọ bàbá rẹ̀.
Èmi ti wà lójú ọ̀nà yìí fún ọdún mẹ́ta.

Mo ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni. Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti gbà á,
lábẹ́ òjìji àpáta Olósùnta,
pẹ̀lú bàtà kan ṣoṣo
tí mo pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.
Wọ́n ní ìwé náà dára.
Wọ́n ní ó ku díẹ̀.
Yunifásítì ìpínlẹ̀ ni "díẹ̀" yẹn ń gbé.

Ọláṣeéní, ọmọ tó ni káfè, ló ń bá mi tẹ fọ́ọ̀mù.
Lọ́dún kìíní, ó gba owó pé.
Lọ́dún kejì, kò gba owó ìtẹ̀wé.
Lọ́dún yìí, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sápá kan.
"Ẹ jẹ́ ká tún un wò lálẹ́, Àǹtí. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa."
Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Mo ń gbọ́ bí fóònù rẹ̀ ṣe ń dún.

Mo bi í pé ìdá mélòó ni tèmi.
"Ẹgbẹ̀fà èèyàn ló kọ orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀ka yín.
Àyè tó wà ní ìpele kejì, ogójì."
Ó dákẹ́. "Nínú ogójì náà,
ẹ má bi mí èwo ni ẹnìkan ò tíì jókòó lé."

Èmi ni mo ń kọ́ Pírámárì Kẹrin ní ìṣirò.
Ní Mọ́ńdè, mo gbé iṣu kan lọ sí kíláàsì
(nílé, uṣu là ń pè é; lórí pátákó, mo kọ ọ́ ní iṣu).
Mo gé e sí ọ̀nà ọgbọ̀n, wẹ́wẹ́, bí ẹni fẹ́ se àsáró.
Mo mú ọ̀kan sókè. "Kí là ń pe èyí?"
Wọ́n kígbe: "Ìdá kan nínú ọgbọ̀n!"
Àfi Ìtùnnú Arówólò tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
tí kì í sọ̀rọ̀. Ó nawọ́.
"Mà, ta ló ni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù?"

Mo fún wọn ní iṣẹ́ àmúrelé.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ó ti kan àga fún ilé ìwé mẹ́fà,
ó ní òun ò tíì rí yàrá tí àga kan ò lè kún.
"Ṣé àga ni wọn ò ní? Kí n kan tìẹ, kí n fi ọkọ̀ gbé e lọ?"
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
Lọ́jọ́ kejì, mo bá a tó ń fá pákó afàrà,
ó fi ojú wọn gíga mi, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n ní bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba.
Òótọ́ ni. Ta ló ń dúró gbọ́ ọ dópin?
Yàrá mi kún fún ba-ba-ba:
fọ́ọ̀mù mẹ́ta, fọ́tò mẹ́ta, ojú kan náà,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbẹ díẹ̀díẹ̀.
Fádèyí tá a jọ parí ti bímọ méjì.
Ó ní, "Adétutù, ṣé ìwé yẹn ló máa sin ọ́ ni?"
N ò bínú. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló fi ẹyin adìẹ ránṣẹ́ sí mi.

Lálẹ́, Ọláṣeéní ti pa jẹnẹrétọ̀.
Ó fi iná fóònù mọ́lẹ̀ fún mi.
Orúkọ mi ò sí níbẹ̀.
Ọ̀kan wà tó fẹ́ jọ ọ́, lẹ́tà kan ló yàtọ̀.
Mo wò ó títí. Mo bá a yọ̀, ẹni yòówù kó jẹ́.

Sátidé, ìmọ́lẹ̀ ò tíì kúnlẹ̀ tán,
Bàbá Ajíbóyè ń fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa:
"Adó! Adó! Ó ku ẹnìkan!"
N ò ní iṣẹ́ kankan ní Adó lónìí.
Mo wọlé. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.